Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, Agbẹ́gilére

Ó yẹ kí a rántí Ọlọ́wẹ̀, tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Èkìtì dé òkè òkun. Ẹ̀fọ̀n Aláàyè li a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 1873. Ṣùgbọ́n Ìsẹ̀, tí í ṣe aládùúgbò Emùré, li ó gbé, tí ó sì sin Arínjalẹ̀ ní ààfin.

Pẹrẹsẹ li àwọn agbẹ́gilére ìgbà náà máa ń gbẹ́ àwòrán sí ara ilẹ̀kùn. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ iṣẹ́ àtijọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ara rẹ̀ di ẹrú àpẹẹrẹ rẹ̀. Ó gbẹ́ igi jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orí àti ara àwọn ère fi yọ síta, bí ẹni pé nwọ́n fẹ́ rìn. Nígbà tí Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ ránṣẹ́ pè é, ó fi nǹkan bí ọdún 4, láti 1910 dé 1914, jókòó ti iṣẹ́ ààfin náà. Li ọdún 1924 a gbé ilẹ̀kùn kan láti ibẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley. British Museum gbà á, nwọ́n sì fi ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pàṣípààrọ̀ fún Ògògà.

Ọlọ́wẹ̀ kú li ọdún 1938. Ọlọ́run tí ó fi ọgbọ́n ọwọ́ fún Besaleli li ó fi fún un. Kí olúkúlùkù wa wádìí ohun tí a fi lé e lọ́wọ́, kí ó sì tẹra mọ́ ọn láìwo ti aládùúgbò. Nítorí tálẹ́ńtì tí a rì mọ́lẹ̀ kì í mú èrè wá.