Bernard Herrmann, ẹni tí ó fi violon dẹ́rù ba ayé

Bí ènìyàn bá ń wo sinimá abanilẹ́rù, tí ó sì pa ohùn rẹ̀, ẹ̀rù náà yóò dín kù. Etí ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ibi ń bọ̀, kí ojú tó rí i. Ẹni tí a ń sọ ìtàn rẹ̀ lónìí mọ èyí ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni a ti bí Bernard Herrmann, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1911. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, Rọ́ṣíà sì ni ìdílé wọn ti ṣí wá. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó gba ẹ̀bùn fún orin tí ó kọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1934, ó wọ ilé iṣẹ́ rádíò CBS. Ẹni tí ń gbọ́ rádíò kò rí nǹkan kan. Ohùn nìkan ni a lè fi ya àwòrán sí i lọ́kàn. Ibẹ̀ ni Herrmann ti kọ́ iṣẹ́ náà, ibẹ̀ náà ni ó ti pàdé Orson Welles. Nígbà tí Welles ṣe sinimá ńlá tirẹ̀ àkọ́kọ́, Citizen Kane, ní ọdún 1941, Herrmann ni ó kọ orin rẹ̀. Orin sinimá mìíràn tí ó kọ lọ́dún yẹn kan náà ni ó fún un ní ẹ̀bùn Oscar. Kò tún gba irú rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ní ọdún 1951, Robert Wise ṣe sinimá nípa àlejò kan tí ó ti ojú ọ̀run wá, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì balẹ̀ sí ìlú Washington. Irú ohùn wo ni a ó fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ayé? Herrmann kó violon oníná àti theremin méjì jọ. Theremin kò ní okùn, a kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ẹni tí ń lò ó yóò máa gbé ọwọ́ lọ gbé ọwọ́ bọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn yóò sì máa jáde bí ẹni tí ń sunkún lókèèrè. Lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́ fi gìtá oníná ti orin rọ́ọ̀kì sínú sinimá abanilẹ́rù, bí ẹgbẹ́ Goblin ti ṣe ní Ítálì ní ọdún 1975. Lójú tèmi, ọ̀nà tí irú iṣẹ́ Herrmann yìí là ni wọ́n tọ̀.

Ṣùgbọ́n Psycho, ti ọdún 1960, ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Alfred Hitchcock ni olùdarí rẹ̀. Owó kò pọ̀ lọ́wọ́, dúdú àti funfun nìkan sì ni àwòrán náà. Herrmann pa ìlù àti fèrè tì; violon àti àwọn ìbátan rẹ̀ olókùn nìkan ni ó lò, àwọn tí a ń fi ọ̀pá fà bí gòjé.

Nínú ìtàn náà, obìnrin kan jí 40,000 dọ́là, ó sì wọ̀ sí ilé àlejò kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ó ti ń wẹ̀, ẹnì kan yọ sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ. Hitchcock ti pàṣẹ pé kí orin kankan má ṣe sí níbẹ̀. Ìró omi àti igbe obìnrin náà ti tó. Herrmann gbọ́, ṣùgbọ́n ó kọ orin tirẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ náà kò dùn mọ́ Hitchcock nínú, Herrmann jẹ́ kí ó gbọ́ orin náà. Ọ̀gá yí ọkàn padà. Àwọn violon ń ké lókè réré, léraléra, bí ẹyẹ tí a fún lọ́rùn. A kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i kí ọ̀bẹ wọ ara, síbẹ̀ ẹni tí ó wò ó yóò búra pé òun rí i.

Ní ọdún 1966, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Àwọn olówó sinimá ń fẹ́ orin tí àwọn ọ̀dọ́ yóò rà. Hitchcock béèrè orin fúyẹ́ fún Torn Curtain. Herrmann kó ìwo 16 àti fèrè 12 wá, kò sì mú violon kankan. Hitchcock gbọ́ díẹ̀, ó dá iṣẹ́ náà dúró lójú àwọn olórin. Àìgbọràn tí ó mú ọlá wá nígbà kan ni ó tú wọn ká. Wọn kò tún bá ara wọn ṣiṣẹ́ mọ́.

Lọ́dún yẹn kan náà, François Truffaut, ará Faransé, gbé Fahrenheit 451 lé e lọ́wọ́: sinimá nípa ìlú tí wọ́n ti ń dáná sun ìwé, tí àwọn kan sì ń kọ́ ìwé sórí kí ó má bàa parun. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ wò ó bí ẹ bá rí i.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni Herrmann ń gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó padà sí Amẹ́ríkà láti ṣe orin Taxi Driver fún Martin Scorsese. Ní ọjọ́ 23 oṣù kejìlá ọdún 1975, iṣẹ́ náà parí. Lóru ọjọ́ náà ó kú lójú oorun, ní ẹni ọdún 64.

Sinimá kọ́ ni ó fẹ́ kí a fi mọ òun. Ó ti lo ọdún mẹ́jọ lórí eré olórin ńlá kan, Wuthering Heights, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gé e kúrú. Ilé eré kankan kò ṣe é nígbà ayé rẹ̀. Ọdún 1982 ni wọ́n tó ṣe é lórí ìtàgé, ní ìlú Portland.