Aago wúrà Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther

 

Ọ̀rọ̀ aago wúrà ni a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn aago ọwọ́ wúrà kan wà nínú àpótí àwọn àgbà wa, tí a fi ọwọ́ fín orúkọ àti ọdún sí ẹ̀yìn wọn. Bí àgbà náà bá kú, àwọn ọmọ a gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà. Òun a gbé e sórí ìwọ̀n, a sanwó, a yọ́ ọ, ó parí. Kí ẹnikẹ́ni tó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ọkùnrin kan tí ó rin odò wa yìí, tí wọ́n sì fi aago wúrà dá lọ́lá. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni.

Ní nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí Àjàyí ní Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú kọlu ìlú náà, wọ́n sì mú òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá Àjàyí padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún fi í gba tábà àti ọtí líle. Báyìí ni ó ṣe dé Èkó, tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone.

Ibẹ̀ ni ó ti kàwé. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ní 1841, ó bá àwọn òyìnbó wọkọ̀ gòkè odò Ọya títí dé ìpàdé odò méjèèjì níbí. Ibà pa àwọn òyìnbó tí ó tó 40, ìrìn àjò náà sì dàrú. Ní 1854, ó tún bá Dókítà Baikie wọ ọkọ̀ Pleiad. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ń lo kuníìnì, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kú. Àjàyí kọ gbogbo ohun tí ó rí sílẹ̀, ìlú, èdè, ọba àti ọjà. Wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní 1855.

Ní 1857 ó padà wá, ó dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbebe, ní òdìkejì odò sí wa. Nígbà tí ogun tú Gbebe ká ní 1866, Lọ́kọ́ja ni iṣẹ́ náà ṣí wá. Ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity ní Lọ́kọ́ja, tí ìtàn sọ pé ó dá sílẹ̀ ní 1865, ni wọ́n kà sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní òkè Ọya. Kí ó tó di ìgbà náà, ní 1864, wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò jẹ ẹ́ nínú ìjọ Áńgílíkà.

Ní 1880, ẹgbẹ́ Royal Geographical Society ní London, àwọn tí ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti odò ayé, fún un ní aago wúrà tí owó rẹ̀ tó 40 pọ́n-ùn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí odò Ọya. Lójú àwọn arìnrìn-àjò ìgbà náà, aago kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Òun ni àwọn atukọ̀ fi ń mọ ibi tí wọ́n dé. Bí oòrùn bá dé àtàrí wa ní Lọ́kọ́ja, ó kù nǹkan bí ìṣẹ́jú 27 kí ó tó dé àtàrí àwọn ará Greenwich. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ń ṣírò.

Ṣùgbọ́n aago wúrà kò gba èèyàn lọ́wọ́ ìwọ̀sí. Ní 1890, ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó nínú iṣẹ́ ìjọ kan náà dá ọ̀pọ̀ àlùfáà rẹ̀ dúró, títí kan ọmọ rẹ̀ Dandeson. Bàbá arúgbó náà fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891. Ní 2014 ni Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tó tọrọ àforíjì ní gbangba fún ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ìwé tí Àjàyí kọ àti Bíbélì Yorùbá tí ó ṣe agbátẹrù rẹ̀ títí tí ó fi pé ní 1884 ni ó jẹ́rìí fún un.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín. Aago àpò ni ti ìgbà Àjàyí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìn-ín-ní ni aago ọwọ́ gbòde fún àwọn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ wo inú ìdérí ẹ̀yìn aago yín. Bí ẹ bá rí 750, ìdá 75 nínú 100 ni wúrà gidi. Bí ó bá jẹ́ 375, ìdá 37 àbọ̀ ni. Ẹ wo fífín náà bí a ti ń wo igbá fínfín. Èyí tí a fi ọwọ́ fín, ilà rẹ̀ a máa jìn níbìkan, a sì fẹ́lẹ́ níbòmíràn. Ti ẹ̀rọ a dọ́gba. Ẹ má ṣe fi nǹkan dídán ha á, nítorí yóò jẹ fífín náà lọ. Aago tí orúkọ àti ọdún ṣì hàn lára rẹ̀, tí ìtàn rẹ̀ sì wà ní kíkọ, lè níye lórí fún àwọn tí ń kó irú rẹ̀ jọ ju ìwọ̀n wúrà rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè, ẹ bi í léèrè ẹni tí ó fún un ní aago náà, ọdún tí ó gbà á, àti iṣẹ́ tí ó ṣe tí ó fi tọ́ sí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ pẹ̀lú aago náà.