Thomas Telford àti Ọ̀nà Àwọn Ará Oko

Nígbàkúùgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ gidigidi, igbe kan náà ni ó máa ń ti oko wá sí etí àwọn tí ń ṣe ìjọba: ọ̀nà ti di ẹrẹ̀, ọkọ̀ kò lè wọlé, ìkórè sì ń jẹrà nílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò gbà pé ó yẹ kí a tún ọ̀nà oko ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni pé, ta ni yóò san owó rẹ̀, èwo ni a ó sì fi ṣáájú? Ìbéèrè yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ayé. Ó ti wà níwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ohun tí ó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, ọmọ olùṣọ́-àgùntàn kan ni ó sì bá wọn wá ìdáhùn sí i. Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin náà ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1757 ni a bí Thomas Telford ní Glendinning, ní gúúsù Sìkọ́tíláǹdì. Kí ó tó pé ọmọ ọdún kan ni baba rẹ̀ ti kú, ó sì ku ìyá rẹ̀ nìkan láti tọ́ ọ nínú òṣì. Nígbà tí ó ń dàgbà, a máa bá àwọn ará àdúgbò da ẹran, a sì máa lọ sí ilé-ìwé ìjọ nígbà tí àyè bá wà. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́ àti ilé mímọ. Bí ó ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ ni ó ń fi ojú kàwé, nítorí pé obìnrin ọlọ́lá kan ní ìlú Langholm a máa yá a ní ìwé.

Ní 1780, ó lọ sí Edinburgh. Ní 1782, ó dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ńlá tí a ń pè ní Somerset House. Nígbà tí ó di 1787, wọ́n fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ ìlú ní agbègbè Shropshire, níbi tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ afárá. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan tí ó fún un ní ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ní 1801 ni ìjọba rán an lọ wo apá òkè Sìkọ́tíláǹdì, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Highlands. Ilẹ̀ olókè ni, odò pọ̀ níbẹ̀, òtútù sì mú. Lóòótọ́, Ọ̀gágun Wade ti la ọ̀nà kan síbẹ̀ láti 1725, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọmọ ogun ni. Láti ibùdó ogun dé ibùdó ogun ni ó ń lọ, kì í ṣe láti oko dé ọjà. Àwọn onílẹ̀ ń lé àwọn tí ń dáko lórí ilẹ̀ wọn kúrò kí wọ́n lè fi àyè náà sin àgùntàn, àwọn ènìyàn náà sì ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù ba ìjọba pé ilẹ̀ náà lè di ahoro. Telford dáhùn pé bí a bá ṣe ọ̀nà àti afárá, àwọn tálákà yóò rí iṣẹ́ ṣe lójú ẹsẹ̀, ọjà yóò sì súnmọ́ wọn lọ́jọ́ iwájú.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Lórí èrò bẹ́ẹ̀ ni òfin 1803 dúró, èyí tí ó yan ìgbìmọ̀ kan fún ọ̀nà àti afárá ilẹ̀ náà. Ìjọba yóò san ìdajì owó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àwọn onílẹ̀ tí ọ̀nà náà yóò ṣe láǹfààní yóò sì san ìdajì yòókù. Àwọn onílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ tọrọ ọ̀nà. Telford yóò wọn ilẹ̀, yóò sì ṣírò iye tí yóò ná wọn. Wọn yóò fi ìdajì tiwọn sí báǹkì. Lẹ́yìn náà ni a ó tó gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe. Kò sí ẹni tí ó lè fi ẹnu lásán gba ọ̀nà.

Afárá wà lára ohun tí Telford fi ṣáájú, nítorí pé ọ̀nà tí ó dé etí odò tí kò lè kọjá kò tíì dé ibì kan. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣiyèméjì, ìjàǹbá ọdún 1809 la ojú rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọkọ̀ tí ó kún fún àwọn tí ń lọ sí ọjà ní Tain dojú dé níbi tí a ń pè ní Meikle Ferry, ó sì lé ní 90 ènìyàn tí ó bá omi lọ. Ní 1812, afárá onírin ti dúró lórí omi kan náà ní Bonar.

Nígbà tí iṣẹ́ náà fi di 1821, ọ̀nà tí wọ́n ti là lé ní 900 ibùsọ̀, afárá ńlá àti kékeré sì lé ní 1,000. Ní 1819, kẹ̀kẹ́ ẹṣin tí ń gbé lẹ́tà ti ń dé Thurso ní ìpẹ̀kun àríwá. Kì í sì í ṣe pé wọ́n ṣí ọ̀nà tán kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún àgbàrá. John Mitchell, tí òun náà jẹ́ mọlémọlé, a máa gun ẹṣin kiri láti bẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1814 ni òfin mìíràn tún jáde tí ó sọ bí a ó ti máa rí owó tọ́jú àwọn ọ̀nà náà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fi àbùkù ètò náà pamọ́. Onílẹ̀ tí kò lówó, tàbí tí kò fẹ́ san, kò lè rí ọ̀nà gbà, ìyà náà sì jẹ àwọn tí ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó tún burú jù ni pé ọ̀nà kò dá ìléni-kúrò dúró. Ní Sutherland, ní 1814 àti 1819, wọ́n lé ìdílé púpọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn, ní agbègbè tí ọ̀nà tuntun ti dé. Àwọn tí ìjọba tìtorí wọn la ọ̀nà ni ó wá ń kó ẹrù wọn lọ. Ọ̀nà dára, ṣùgbọ́n kò lè gba àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ilẹ̀ tí ó ń ro.

Telford kò fẹ́yàwó. Iṣẹ́ ni ó gbé níyàwó. Ní 1820, àwọn ẹnjiníà Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ wọn àkọ́kọ́. Ní 1826, afárá rẹ̀ tí a fi ẹ̀wọ̀n irin so rọ̀ ní Menai, ní ilẹ̀ Wales, di ṣíṣí. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1834 ni ó kú, a sì sin ín sí Westminster Abbey láàárín àwọn ẹni ńlá. Ó fi owó sílẹ̀ fún ilé-ìkàwé ní agbègbè tí a gbé bí i, kí ọmọ tálákà mìíràn lè rí ìwé kà.

Kí ni èyí kàn wá? Òfin-ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ka ọ̀nà ṣíṣe àti ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn nínú ìwé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kò ya owó sọ́tọ̀ fún, orúkọ lásán ni. Ohun mẹ́ta ni a lè mú nínú ìtàn Telford. Kí ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ fi ẹnu kò lórí ìpín olúkúlùkù, kí owó náà sì wà ní báǹkì kí a tó pe agbaṣẹ́ṣe. Kí a ya owó ìtọ́jú sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tí a bá ti ṣí ọ̀nà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kùnà: kí a má ṣe fi agbára àpò yan ọ̀nà tí a ó kọ́kọ́ ṣe, ṣùgbọ́n kí a wo ibi tí odò ti ń gbé ènìyàn lọ, ibi tí aláìsàn kò ti lè dé ilé ìwòsàn, àti ibi tí ìkórè ti ń jẹrà, kí a sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.