James Batcheller Sumner
James Batcheller Sumner (ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, ọdún 1887 – ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, ọdún 1955) jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísítìrì ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi ẹ̀rí hàn pé ẹ́ńsáìmù lè jẹ́ pùrótéènì.

Ìlú Canton ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni a bí i sí. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 17, ìbọn ṣèèṣì bà á lápá òsì níbi tí wọ́n ti ń ṣọdẹ, wọ́n sì gé apá náà ní ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Ọlọ́wọ́ òsì ni tẹ́lẹ̀. Ó ní láti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣe ohun gbogbo. Ní Yunifásítì Harvard, Otto Folin gbà á nímọ̀ràn pé kí ó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, nítorí pé iṣẹ́ kẹ́mísítìrì yóò ṣòro fún alápá kan. Sumner kò yẹsẹ̀. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1914, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell.

Ní ọdún 1917, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ urease, ẹ́ńsáìmù tí ń sọ yúríà di amóníà, jáde lára ẹ̀wà jack bean. Ọdún 1926 ni ó tó rí i ní kírísítálì. Richard Willstätter àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní Jámánì kò gbà á gbọ́, títí John Northrop fi rí irú èsì bẹ́ẹ̀ lára pepsin. Àwọn méjèèjì àti Wendell Stanley jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú Kẹ́mísítìrì ní ọdún 1946.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn onímọ̀ so urease mọ́ ojú irinṣẹ́ tí a fi ń wọn yúríà inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ó mú kí ìsopọ̀ náà ṣeé ṣe ni pé pùrótéènì ni ẹ́ńsáìmù yìí, gẹ́gẹ́ bí Sumner ti fi hàn.