Izaak Walton: Àgbà apẹja tí kò tijú láti bèèrè lọ́wọ́ ọmọdé

Ọmọ Èkìtì tó bá dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ odò, ìbáà ṣe Ureje ní Adó-Èkìtì, ìbáà ṣe Ọ̀ṣun tó ṣẹ̀ láti Ìgèdè-Èkìtì, kò ní ṣàjèjì sí ìwọ̀. Ọ̀pá, okùn, ìwọ̀ àti ekòló ni ọmọdé fi ń kọ́ ẹja pípa. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń pa ẹja láìlo ekòló rárá. Ìyẹ́ adìyẹ, irun ẹran àti òwú sílíkì ni wọ́n ń wé mọ́ ìwọ̀ títí yóò fi jọ kòkòrò. Wọn á jẹ́ kí ó rì díẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn, ẹja tó bá sì rò pé oúnjẹ ló ń kọjá lọ yóò gbé e mì. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí, orúkọ ọkùnrin kan kì í pẹ́ jẹ yọ, ìyẹn Izaak Walton. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀gá nínú wíwé kòkòrò náà, kò sì fi èyí pamọ́.

Ìlú Stafford ni wọ́n ti bí Walton lọ́dún 1593. Bàbá rẹ̀ tó ń ta ọtí kú nígbà tí ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Kò ka ìwé púpọ̀ kó tó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ láti kọ́ṣẹ́ òwò. Lọ́dún 1618, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irin gbà á wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òwò aṣọ ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ó ṣe. Àdúgbò Fleet Street ló ti di ọ̀rẹ́ John Donne, akéwì àti àlùfáà ìjọ St Dunstan. Ìtàn ìgbésí ayé Donne, tó jáde lọ́dún 1640, ló kọ́kọ́ sọ Walton di òǹkọ̀wé.

Ojú ọkùnrin yìí rí nǹkan. Ó fẹ́ Rachel Floud lọ́dún 1626, ọmọ méje ni wọ́n sì bí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dàgbà. Nígbà tó di ọdún 1640, Rachel náà papòdà. Walton fẹ́ Anne Ken lẹ́yìn náà, ọmọ méjì, Anne àti Isaac, sì yè fún wọn, ṣùgbọ́n ìyàwó kejì yìí tún kú lọ́dún 1662.

Láàárín ìgbà náà, ogun abẹ́lé dé. Àwa tí a gbọ́ ìtàn Ogun Kírìjì lẹ́nu àwọn bàbá wa mọ bí irú ogun bẹ́ẹ̀ ṣe ń tú ilé ká. Wọ́n bẹ́ orí Ọba Charles Kìn-ín-ní lọ́dún 1649. Lọ́dún 1651, wọ́n ṣẹ́gun ọmọ rẹ̀ nílùú Worcester, ó sì sá lọ. Ọ̀kan nínú ohun ọ̀ṣọ́ oyè rẹ̀ wá bọ́ sọ́wọ́ Walton, ẹni tí ó jẹ́ tọba. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ lè lọ sí i. Síbẹ̀ ó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi lé ọ̀gágun Blague lọ́wọ́ nínú ẹ̀wọ̀n Tower. Blague sá jáde, ó sì dá a padà fún olúwa rẹ̀.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1653, ni ìwé rẹ̀, The Compleat Angler, jáde. Ìwé náà kò sọ̀rọ̀ ogun. Ọ̀rọ̀ odò, ẹja, sùúrù àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Nígbà tó dé orí kòkòrò àfọwọ́ṣe, Walton jẹ́wọ́ pé ọwọ́ Thomas Barker, alásè kan tó ti ṣe ìwé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1651, ni òun ti rí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ náà gbà.

Bàbá yìí kò dúró síbẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Charles Cotton, akéwì tí wọ́n bí lọ́dún 1630, tí ilé rẹ̀ wà létí odò Dove. Cotton fẹ́ràn fàájì, gbèsè kò sì jìnnà sí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀ wé tó o. Bàbá ni ó ń pe Walton, Walton sì mú un bí ọmọ. Lọ́dún 1674, Cotton kọ́ ilé kékeré kan sétí odò náà fún àwọn apẹja, ó sì fín lẹ́tà orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀ sára ògiri rẹ̀. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀karùn-ún lọ́dún 1676, Walton, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, fi àyè sílẹ̀ fún Cotton láti kọ apá kejì. Cotton ṣàlàyé bí a ṣe ń pa ẹja nínú omi tó mọ́ gaara, níbi tí ẹja ti ń rí apẹja kedere: kí okùn tín-ín-rín, kí apẹja sì jìnnà. Ó sọ irun tí a ó lọ́ mọ́ òwú, ìyẹ́ tí a ó fi ṣe apá, àti oṣù tí kòkòrò kọ̀ọ̀kan ń jáde. Kòkòrò tó lé ní ọgọ́ta ló tò kalẹ̀ báyìí, nígbà tó jẹ́ pé méjìlá péré ni Walton kà. Àwọn Yorùbá ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kejìlá ọdún 1683 ni Walton kú nílùú Winchester, lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Inú kàtídírà ìlú náà ni wọ́n sin ín sí. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Stafford, pé kí wọ́n máa fi èrè orí rẹ̀ rán ọmọkùnrin méjì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa ra èédú fún àwọn tálákà nígbà òtútù.

Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí fún wa ní Èkìtì tí a mọ̀ mọ́ ìwé. Ọ̀pọ̀ àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ ló gbé ìmọ̀ wọn wọ ilẹ̀ lọ nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ̀ jù wọ́n lọ. Walton sin ọmọ méje, ó sì la ogun já, síbẹ̀ kò bẹ̀rù pé ọmọ ẹlòmíràn yóò gba ògo òun. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún báyìí tí wọ́n ti ń tẹ ìwé àwọn méjèèjì pọ̀, orúkọ bàbá náà ló sì ṣì ń ṣíwájú.