Rótìmí Fani-Káyọ̀dé

Olúwarótìmí Adébíyí Wahab Fani-Káyọ̀dé (20 oṣù kẹrin ọdún 1955 – 21 oṣù kejìlá ọdún 1989), tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Rótìmí Fani-Káyọ̀dé, jẹ́ ayàwòrán oníkámẹ́rà, ọmọ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, gbígbé ní àjò àti ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá ni ó fi kámẹ́rà wádìí. Ọdún mẹ́fà péré ni ó fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Èkó ni wọ́n bí i sí, nínú ìdílé ọlọ́lá tí orírun rẹ̀ jẹ́ Ilé-Ifẹ̀. Ìdílé náà ni ó ń jẹ oyè Akíre, oyè tí ó so wọ́n mọ́ ìtọ́jú ojúbọ òrìṣà. Bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mílẹ́kún Fani-Káyọ̀dé, jẹ́ agbẹjọ́rò àti olóṣèlú, ó sì dé ipò igbákejì olórí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí àwọn ológun dìtẹ̀ gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966, wọ́n pa olórí ìjọba náà, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, ní Ìbàdàn. Wọ́n mú bàbá Rótìmí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò bá a lọ. Ọdún yẹn náà ni ìdílé rẹ̀ kó lọ sí ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ibẹ̀ ni ó ti ka ìwé kí ó tó kọjá sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1976. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ọrọ̀ ajé àti iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Georgetown títí di ọdún 1980, ó sì gba oyè kejì ní Pratt Institute ní Brooklyn ní ọdún 1983. Nínú àròkọ kan tí ó kọ lẹ́yìn náà, ó ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ àlejò láàrín àwọn ènìyàn: nípa irú ẹni tí òun ń fẹ́, nípa jíjìnnà sí ilé, àti nípa pé òun kò di ọmọ oníṣẹ́ ọ́fíìsì tí ó gbéyàwó, èyí tí àwọn òbí òun ń retí.

Iṣẹ́ rẹ̀

Ní ọdún 1983 ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń gbé ní òpópónà Railton ní Brixton pẹ̀lú olólùfẹ́ rẹ̀, Alex Hirst, òǹkọ̀wé àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé náà ni ó fi ṣe sítúdíò. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ni ó sábà máa ń yà, ní ìhòòhò, pẹ̀lú ìbòjú, ìyẹ́, òdòdó tàbí èso.

Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò rí ohun tí òǹwòran mìíràn lè má rí nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Nínú «Sonponnoi» (1987), ọkùnrin kan tí a kò rí orí rẹ̀ gbé àbẹ́là mẹ́ta tí iná ń jó lórí wọn dání; àmì funfun àti dúdú tò kálẹ̀ sí ara rẹ̀. Ṣọ̀pọ̀nná ni, òrìṣà tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ gan-an, tí wọ́n fi ń pè é ní Ọbalúayé tàbí Olóde. Ìgbà tí àrùn éèdì ń pa àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúgbà rẹ̀ ni ó ya á. Ó ní àwòrán mìíràn, ti ọdún 1988, tí ó pè ní «Abiku». Orúkọ Rótìmí fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn tí a máa ń sọ àbíkú, láti bẹ ọmọ náà kí ó dúró ti òbí rẹ̀.

«Bronze Head» (1987) ni ó le jù fún ọ̀pọ̀ Yorùbá láti wò, nítorí abẹ́ ìdí ọkùnrin oníhòòhò ni ó gbé orí idẹ Ifẹ̀ sí. Ọmọ Ifẹ̀ ni ó ṣe é, kì í ṣe àjèjì tí kò mọ iyì orí náà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé bí wọ́n bá ṣe àfihàn iṣẹ́ òun ní Èkó, ìjà ìgboro lè bẹ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 1988, ilé-iṣẹ́ Gay Men's Press tẹ ìwé àwòrán rẹ̀, Black Male/White Male, tí Hirst kọ ọ̀rọ̀ sí. Ọdún náà ni òfin Abala 28 dé ní Bìrìtìkó, èyí tí kò jẹ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ gbé ìfẹ́ akọ sí akọ lárugẹ. Ọdún náà kan náà ni òun, Sunil Gupta, Ingrid Pollard, olùdarí fíìmù Pratibha Parmar àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán aláwọ̀ dúdú sílẹ̀, tí a mọ̀ sí Autograph. Òun ni alága àkọ́kọ́.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò rọrùn láti fi han gbogbo ènìyàn nígbà náà, kódà lẹ́yìn Bìrìtìkó. Nígbà tí wọ́n gbé fíìmù Isaac Julien, Looking for Langston (1989), jáde níbi àjọ̀dún fíìmù New York, ṣe ni wọ́n pa ohùn rẹ̀ níbi tí ewì Langston Hughes ti ń wáyé, nítorí àwọn tí ó ni ẹ̀tọ́ sí ewì náà kò fọwọ́ sí i.

Ikú rẹ̀ àti ìtọ́jú iṣẹ́ rẹ̀

Rótìmí kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọmọ ọdún 34, nígbà tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àìsàn tí ó jẹ mọ́ éèdì. Hirst ni ó kọ́kọ́ ṣọ́ fíìmù àti fọ́tò tí ó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kú ní ọdún 1992. Nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́, àríyànjiyàn wà lórí ẹni tí ó ni àwọn àwòrán kan. Autograph ni ó wá ń tọ́jú àpamọ́ náà, lábẹ́ Mark Sealy tí ó di olùdarí ní ọdún 1991. Láti inú fíìmù wọ̀nyí ni wọ́n ti tẹ ọ̀pọ̀ fọ́tò tí a ń rí lónìí. Ká ní wọ́n sọnù, ìwé tín-ínrín kan àti ìwọ̀nba fọ́tò ni ì bá kù.

Iṣẹ́ rẹ̀ wà níbi àfihàn ilẹ̀ Áfíríkà ní Venice ní ọdún 2003, ó sì wà ní Tate àti Guggenheim. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lélẹ̀ fún fífi ìfẹ́ akọ sí akọ hàn ní gbangba, nítorí náà orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹni tí ó wà ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí Abẹ́òkúta ti sábà máa ń bá àwọn àwòrán náà pàdé. Ní ọdún 2024, Wexner Center ní ìpínlẹ̀ Ohio àti Autograph ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àfihàn ńlá fún un.