Rafael del Riego: Ọ̀gágun Tí Wọ́n Sọ Di Akọni Orí Ìtàgé

Ìtàn ọ̀gágun ilẹ̀ Spéìn kan la gbé wá fún yín lọ́tẹ̀ yìí.

Ní 1812, nígbà tí ogun Faransé gbòde, Martínez de la Rosa gbé eré kan kalẹ̀ ní Cádiz nípa opó Juan de Padilla, balógun tí wọ́n bẹ́ lórí ní 1521 nítorí pé ó dojú ìjà kọ ọba. Àwọn akọni tó ti kú ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn alààyè lọ́gbọ́n nígbà náà. Ní ti Riego, ojú ayé rẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ di akọni.

Asturias ni wọ́n ti bí i ní 1784. Àwọn Faransé mú un lójú ogun ní 1808, ó di 1814 kó tó padà sílé. Ọdún náà gan-an ni Ọba Fernando Keje fagi lé òfin ìpìlẹ̀ 1812 tó dín agbára ọba kù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1820, níwájú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fẹ́ kó lọ jagun ní Amẹ́ríkà, Riego kéde ní Las Cabezas de San Juan pé òfin náà ti padà. Nígbà tó di oṣù kẹta, ọba gbà tipátipá.

Tìlù-tìfọn ni Madrid fi pàdé rẹ̀. Nínú ilé ìṣeré, níṣojú rẹ̀, èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Trágala, orin tí wọ́n fi ń fi àwọn ẹmẹ̀wà ọba ṣe yẹ̀yẹ́. Ìjọba dá a lẹ́bi, wọ́n gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí Oviedo. Síbẹ̀, ní 1821, àwọn ará Madrid gbé àwòrán rẹ̀ káàkiri ìgboro títí ìjọba fi tú wọn ká. Ní 1822, ó di olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.

Ní 1823, ogun Faransé padà wá gbèjà ọba. Wọ́n mú Riego, wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wọ́ nílẹ̀ gbé e lọ sí ìdí igi, wọ́n sì so ó kọ́ ní Madrid ní ọjọ́ keje oṣù kọkànlá. Ọmọ ọdún 39 ni. Lọ́jọ́ náà, ìjọba tẹ ìwé kan jáde pé ó fọwọ́ sí i láti tọrọ àforíjì.

Akọni inú orin kì í bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni Riego. Orin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè di orin orílẹ̀-èdè Spéìn lábẹ́ ìjọba olómìnira ní 1931, àmọ́ kò gbà á lọ́wọ́ okùn ní 1823. Ẹ̀yin ará wa, bí a bá ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń jà fún wa, ẹ jẹ́ ká rántí pé ẹ̀mí kan ṣoṣo ló ní.